Ọ̀gá wà nínú gúrúùpù náà: ìrírí mi nípa fífi fóònù kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ kòkó ní Àkúrẹ́

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-iṣẹ́ wa, ilé-iṣẹ́ aládàáni kan tí ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́. Èmi ni mo wà nídìí ètò náà. Àwọn òṣìṣẹ́ wa 31 tí wọ́n ń gbé láàárín àwọn àgbẹ̀ ní Ìdànrè, Ọ̀wẹnà, Bọ́lọ́rundúró, Ilé-Olújì àti ìlú Oǹdó yóò wọ ọkọ̀ wá láàárọ̀, a óò la hóró kòkó lórí tábìlì, a óò jiyàn, a óò jẹ ìrẹsì, oníkálùkù yóò sì padà sí ibi tí ó ti wá. Owó ọkọ̀ ń wọlé ń jáde, odidi ọjọ́ iṣẹ́ kan sì ń bá a lọ, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá lóye ohun tí mo sọ, mo máa ń rí i lójú rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí ó ní àrùn kòrónà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìpéjọpọ̀ di èèwọ̀, ọ̀nà sì dí. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní kí ẹ̀kọ́ má ṣe dúró, nítorí kòkó kò mọ̀ pé àrùn wà. Mo ṣí gúrúùpù WhatsApp kan, mo kó gbogbo òṣìṣẹ́ 31 sí i, ọ̀gá sì ní kí n fi òun náà sí i kí òun lè máa rí bí wọ́n ṣe ń ṣe dáadáa sí. Mo rò pé ohun rere ni.

Ìwé tí a máa ń lò fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, ojú ewé 46, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú gúrúùpù, àmì méjì tí ó wà lábẹ́ iṣẹ́ tí a rán kì í di búlúù àfi bí gbogbo ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ bá ti ṣí i. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ó ti di búlúù. Ìdáhùn sì wọlé lọ́tùn-ún lósì: "Ẹ ṣeun, Màdáámú," "A dúpẹ́, sà," "Ọlọ́run yóò bùkún ilé-iṣẹ́ wa." Mo ya àwòrán gbogbo rẹ̀, mo fi há ìròyìn oṣù náà.

A gbìyànjú Zoom náà lẹ́ẹ̀mejì. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Ènìyàn 11 ni ó wọlé. Ọ̀kan nínú wọn gun apá kan òkè Ìdànrè kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ni a ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Èyí tí a kò sanwó fún kì í ju ìṣẹ́jú 40 lọ, bí mo sì ti dé orí ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin inú kòkó gan-an ni ó já mọ́ wa lójú.

Oṣù keje ni ojú mi là. Ọ̀nà ti ṣí díẹ̀, kòkó tí àwọn òṣìṣẹ́ wa ti rà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ìkẹ́rù, a sì la hóró rẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Fún àwọn tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí, hóró 300 ni a máa ń kà láìṣà, tí a óò fi ọ̀bẹ là lóròó, kí a wo inú rẹ̀. Nínú kòkó onípò kìn-ín-ní, èyí tí ó ti bu, tí nǹkan funfun bí òwú ti hù sí nínú, kò gbọdọ̀ ju 3 lọ nínú 100. Èyí tí a kò bò sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáadáa, tí inú rẹ̀ ṣì rí bí eérú tí ó le gbandi, kò gbọdọ̀ ju 3 lọ bákan náà. Èyí tí kòkòrò jẹ, tí ó hù tàbí tí ó tẹ́ pẹlẹbẹ, òun náà kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí 7 àbọ̀ nínú 100. Nínú ẹrù tí ó ti Ọ̀wẹnà wá, a ka hóró 41 tí ó ti bu nínú 300. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí wà nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́, ní ojú ewé kejìlá, tí gbogbo wọn ti ṣí, tí wọ́n sì ti dúpẹ́ lé lórí.

Mo mú ọkọ̀, mo lọ sí Ọ̀wẹnà. Òṣìṣẹ́ wa tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ bàbá tí ó ti ń ra kòkó kí wọ́n tó bí àwọn mìíràn nínú gúrúùpù náà. Ní ọ́fíìsì, "Màdáámú" ni ó máa ń pè mí, yóò sì máa fi ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Nínú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi, "ọmọ mi" ni ó pè mí. Ó gbé fóònù rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ti kún fún fídíò àdúrà àti àwòrán "ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi" débi pé kò sí àyè tí ìwé mi lè gbà wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́, àmì yí di búlúù, ìwé kò ṣí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ nínú gúrúùpù pé kò ṣí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni ọmọdé ibẹ̀.

"Ọ̀gá wà nínú gúrúùpù náà, ọmọ mi. Ta ni ó fẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé òun kò mọ̀?"

Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà nípa lílo ìkànnì ayélujára fún ẹ̀kọ́ níbi iṣẹ́, inú gbólóhùn yẹn ni ó ti jáde. Nínú yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹni tí kò bá lóye lè fẹnu sí etí ẹni tí ó jókòó tì í. Lórí fóònù, kò sí etí tí a lè fẹnu sí. Ìbéèrè tí ènìyàn bá kọ síbẹ̀, gbogbo ènìyàn 32 ni yóò rí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó ń sanwó oṣù rẹ̀ pẹ̀lú wọn, yóò sì wà níbẹ̀ títí di ọ̀la. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ mi ń purọ́ fún mi pẹ̀lú "ẹ ṣeun" wọn. Wọ́n ń bo ìhòòhò ara wọn ni.

Mo padà dé, mo sọ fún ọ̀gá pé kí ó kúrò nínú gúrúùpù náà. Kò dùn mọ́ ọn nínú, ó sì tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé n óò máa mú èsì wá fún òun lóṣooṣù. Ní ọjọ́ tí ó jáde, WhatsApp kọ ọ́ sójú pé ó ti jáde. Láàárín wákàtí kan, ìbéèrè mẹ́rin wọlé.

Èkejì tí mo yí padà ni pé mo fòpin sí ìwé. Ohùn ni mo ń gbà sílẹ̀, ní Yorùbá, kì í sì í ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ yìí a lè sọ̀rọ̀ lórí iye ọjọ́ tí a fi ń bo kòkó sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí í máa ń tó bí ọjọ́ 5 sí 7, àti ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ máa yí i. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, sísá nìkan. Mo sì sọ fún wọn pé n kò fẹ́ "ẹ ṣeun" mọ́. Àwòrán ni mo fẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ẹ̀kọ́ sísá kòkó yóò ya kòkó tí ó sá fúnra rẹ̀ ránṣẹ́, ẹni tí ó bá gbọ́ ẹ̀kọ́ lílà yóò la hóró 50, yóò tò wọ́n sórí páálí, yóò sì yà á. Àwòrán kì í parọ́ bí ọpẹ́.

Ṣáájú èyí, mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú ìdánwò orí Google Forms, ìbéèrè 20. Bàbá Ọ̀wẹnà gba 19. Inú mi dùn títí mo fi gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni ó dáhùn gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé, n kò bá a jà.

Ohun kan tún wà tí ó ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀. Ní ọdún 1885, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Hermann Ebbinghaus tẹ ìwé jáde nípa bí ènìyàn ṣe ń gbàgbé nǹkan. Ara rẹ̀ ni ó fi dánwò: ó há ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wo iye tí ó kù lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ kan, lẹ́yìn oṣù kan. Ó rí i pé kíákíá ni ohun tí ó pọ̀ jù ń sá lọ, àti pé bí a bá ń padà sórí nǹkan náà pẹ̀lú àlàfo ọjọ́ díẹ̀, yóò dúró ju kí a há a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ọjọ́bọ̀ wa kò lè ṣe èyí, nítorí odidi oṣù kan ni ó wà láàárín. Fóònù lè ṣe é. Ìbéèrè kan náà ni mo ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn oṣù kan, pẹ̀lú àwòrán mìíràn. Àwọn kan ní Màdáámú ti ń gbàgbé ohun tí ó ti bi àwọn. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó di ọdún kejì, mo bẹ Bàbá Ọ̀wẹnà pé kí ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí a ṣe ń la hóró. Kò fẹ́ kí ojú òun hàn, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ọmọ rẹ̀ yà: ọ̀bẹ, àtẹ́lẹwọ́, hóró tí ó ń là ní méjì méjì, àti ohùn rẹ̀ ní èdè Oǹdó pọ́ńbélé, tí àwọn ará Àkúrẹ́ kan ní láti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fídíò yẹn ni wọ́n wò jùlọ nínú gbogbo ohun tí ó ti wọ gúrúùpù náà. Mo ti ṣa fídíò tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí YouTube, tí púpọ̀ nínú wọn ti Gánà wá, tí àwòrán wọn mọ́ kedere, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi ìbéèrè kan lórí wọn. Ta ni wọn yóò bi?

Owó dátà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ṣàkíyèsí pé ìdáhùn máa ń pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí yóò sì máa gbẹ bí oṣù bá ti ń parí lọ, mo sì ti ń pe àwọn kan ní ọ̀lẹ nínú ọkàn mi kí n tó mọ̀ pé wọ́n ń pa dátà wọn kí ó má baà tán. Ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń san owó ọkọ̀ ènìyàn 31 lóṣooṣù kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí ó san dátà. Ó gbà mí tó oṣù mẹ́jọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí ₦1,500 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì ṣì ń bínú nípa rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nígbà òjò, àrùn tí ó ń mú èso kòkó dúdú lórí igi a máa yọ àwọn àgbẹ̀ lẹ́nu púpọ̀, ìgbà yẹn sì ni ìmọ̀ràn máa ń pọ̀ lórí fóònù. Òṣìṣẹ́ wa kan gba ohùn kan láti inú gúrúùpù mìíràn, níbi tí ẹnì kan ti sọ pé bí a bá po òògùn tí a fi ń fín kòkó mọ́ òògùn tí a fi ń pa koríko, àrùn náà kò ní padà mọ́. Ó fi í ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ méjì. Ọ̀kan bi í léèrè kí ó tó ṣe é. Èkejì fín in, ewé bí igi ogún jóná. WhatsApp ti fi ọfà méjì sórí ohùn náà láti fi hàn pé ó ti ti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ́ wa ní ìtumọ̀ ọfà méjì. Èmi pàápàá rò pé ó túmọ̀ sí pé nǹkan náà gbajúmọ̀. Láti ìgbà náà, a kì í gba ohun tí ó ní ọfà méjì sínú gúrúùpù wa. Ẹni tí ó bá mú ìmọ̀ràn wá yóò sọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, àti oko tí a ti ṣe é.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021 jẹ́ ọjọ́ Ajé, àárín ìgbà tí kòkó ń jáde jùlọ, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé sì ni ẹ̀kọ́ wa máa ń wáyé. Bí ó ti ń lọ sí aago márùn-ún, ohùn mi kọ̀ láti lọ. Mo tan fóònù, mo pa á. Mo bú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo tún ra dátà mìíràn. WhatsApp, Facebook àti Instagram ti dákú káàkiri gbogbo ayé, nítorí àṣìṣe kan tí àwọn fúnra wọn ṣe sí ètò tí ó so ẹ̀rọ wọn pọ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì tó bí wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó jí. Ẹ̀kọ́ ọdún kan àbọ̀ wà nínú ohun kan ṣoṣo tí kò sí lọ́wọ́ wa. Ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo kó gbogbo ohùn àti fídíò sórí káàdì mẹ́mórì, mo pín in fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn nǹkan kan sì wà tí n kò gbìyànjú láti gbé lọ sórí fóònù mọ́. Kòkó tí ó gbẹ dáadáa máa ń dún kẹrẹkẹrẹ bí a bá bù ú sọ́wọ́ tí a sì fún un pọ̀, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti èyí tí a fi èéfín gbẹ. Fún ìyẹn, a ṣì ń pé jọ ní Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. A ṣì ń jẹ ìrẹsì.

Mo rò pé mo ti mọ ọ̀nà títí òfin Yúróòpù fi dé. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tí yóò wọ ilẹ̀ wọn, pẹ̀lú àwọn irè mìíràn bíi kọfí àti rọ́bà, kò gbọdọ̀ wá láti orí ilẹ̀ tí a pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. A gbọ́dọ̀ lè fi ibi tí oko wà gan-an hàn, bí oko náà bá sì ju hẹ́kítà 4 lọ, a gbọ́dọ̀ ya ààlà rẹ̀ yíká. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí òfin náà yóò múlẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ra kòkó lọ́wọ́ wa kò dúró dè é. Gbogbo oko ni ilé-iṣẹ́ wa ní kí a yà, ńlá àti kékeré. Áàpù kan tí ń jẹ́ KoboToolbox ni a yàn, nítorí òṣìṣẹ́ lè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú oko tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ó tó fi ránṣẹ́ nígbà tí ó bá dé ìlú. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó jáde ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀-ẹ̀rọ tí ó wà ní Àkúrẹ́, tí kò tí ì pé ọdún méjì lọ́dọ̀ wa, ni ó mọ̀ ọ́n jùlọ. Òun ni ó là á yé wa pé sátẹ́láìtì ni fóònù fi ń mọ ibi tí ó wà, pé kò ná wa ní dátà kankan, àti pé abẹ́ igi kòkó tí ewé rẹ̀ pàdé lókè a máa dà á láàmú, nítorí náà kí a ní sùúrù ní igun kọ̀ọ̀kan kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Èmi náà jáde lọ yà. Oko kan ni, lójú ọ̀nà Ìdànrè, bíi hẹ́kítà mẹ́ta. Mo gbàgbé igun kan, mo padà lọ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbẹ̀yìn, mo fi í ránṣẹ́ tayọ̀tayọ̀. Ní alẹ́, mo rí i pé ọmọbìnrin yìí ti kọ nǹkan sí mi níkọ̀kọ̀, ó pa á rẹ́. Ó tún kọ òmíràn, ó tún pa á rẹ́. Ẹ̀kẹta ni ó kù, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màdáámú. Ẹ jọ̀ọ́, mo kàn fẹ́ bèèrè bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó dà yín láàmú."

Kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tí mo wo àwòrán náà dáadáa, ìlà ààlà ti gba orí ara rẹ̀ kọjá, ó lọ́ bí ẹja àrọ̀ tí a ká tí ìrù rẹ̀ sì wọ ẹnu, áàpù sì ṣírò oko hẹ́kítà mẹ́ta náà sí ohun tí kò tó ọ̀kan. Ohun tí ó gbà mí ní oorun ni àwọn ọ̀rọ̀ méjì tí ó pa rẹ́. Mo ti lé ọ̀gá jáde nínú gúrúùpù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì ti ń fi ìyẹn yangàn káàkiri. Kò sí ọjọ́ kan tí ó wá sí mi lọ́kàn pé èmi náà ni wọ́n ń wò bí ọ̀gá.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo fi àwòrán oko mi sínú gúrúùpù, mo sì gba ohùn sílẹ̀ pé èmi ni mo yà á, pé ó ti bàjẹ́, kí ẹni tí ó bá mọ ibi tí mo ti ṣìnà jọ̀wọ́ sọ ọ́ fún mi. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá Ọ̀wẹnà ni ó kọ́kọ́ fọhùn: "Màdáámú, ṣé oko ni ẹ yà ni, àbí ẹja?" Ẹ̀rín bẹ́. Ọmọbìnrin náà wá ṣàlàyé ní gbangba, láìpa ohunkóhun rẹ́, pé igun tí a bá gbàgbé, a kì í fi í kún ìparí. Ibi tí ó tọ́ sí láàárín àwọn yòókù ni a ń fi í sí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a tún rìn yíká.

Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun márùn-ún dé ní ọdún tí ó kọjá, tí wọn kò mọ ìtàn náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n dé, ọ̀kan nínú wọn fi àwòrán oko kan ránṣẹ́ láti Bọ́lọ́rundúró ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ lábẹ́: "Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí, ẹja Màdáámú ni mo tún pa." Kí n tó mu ògì mi tán, ènìyàn mẹ́ta ti dá a lóhùn láti Ilé-Olújì.